Ẹ̀rọ Ìjà Mi àti Ẹlẹ́rìí Kejì

Èmi, Ignatius Oyèbọ̀dé Babáyẹmí, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, dírẹ́bà ọsibítù tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ẹni tó bá ní kò pé, kí ó wá bá mi ta géèmù kan kí ó tó sọ ọ́ síta. Mo fi ìwé yìí pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, pàápàá èyí tí mo kọ nígbà tí ibà ń ṣe mí.

1. Mojí, ọmọbìnrin mi àgbà, ni yóò mójú tó ìwé yìí. Ó mọ̀wé, ó sì mọ bí a ṣe ń bínú. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ méjèèjì.

2. Ilé tí mo ń gbé jẹ́ ti Mojí àti Ambrose àbúrò rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe dí fèrèsé yàrá ìyá wọn. Ibẹ̀ ni Theresa, ìyàwó mi, ti máa ń yọjú bá mi wí bí mo bá pẹ́ níta. Láti ìgbà tó ti kú, mo lè pẹ́ bó ṣe wù mí, n kò sì rí ibi tí mo fẹ́ lọ.

3. Oko kòkó mi ní Ẹmùrè-Ilé, pẹ̀lú àdá, àáké àti pọ́ǹpù tí a fi ń fín kòkó, jẹ́ ti Ambrose. Mo mọ̀ pé kò mọ igi kòkó yàtọ̀ sí igi obì. Kí ó lọ fi ara rẹ̀ han oko náà.

4. Òbúkọ mi jẹ́ ti Kúlísúmù aránṣọ. Ó ti jẹ aṣọ oníbàárà rẹ̀ rí. Kí òun náà jẹ ẹ́ padà.

5. Ó ku ẹ̀rọ géèmù ìjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Poli. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ènìyàn méjì ló ń dúró níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń darí oníjà méjì nínú gíláàsì. Bí àwọn oníjà bá jìnnà síra, wọn a kéré. Bí wọ́n bá súnmọ́ra, wọn a tóbi títí a ó fi rí bí ojú wọn ṣe ń wú. Ìlà méjì ló wà lókè orí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ẹ̀mí, ọ̀kan fún ìgboyà. Bọ́tìnnì kan sì wà tí kì í lu ẹnikẹ́ni; yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, oníjà rẹ a fi ọ̀tá rẹ́rìn-ín, ìgboyà ọ̀tá a máa jò, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ a sì di ẹ̀ṣẹ́ ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí o ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, àyà rẹ ṣí sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ti mọ̀ mí kí a tó pàdé.

Sylvanus Láníyì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, nìkan ló mọ bí a ṣe ń lù mí nígbà tí mo bá ń rẹ́rìn-ín. Nígbà ọdún Igógó èṣí, tí a kì í lu ìlù nílùú, mo ki àkísà bọ ẹnu ẹ̀rọ náà, nítorí ìlù máa ń dún kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Sylvanus yọ ọ́. Ó ní ìlù inú gíláàsì kì í ṣe ìlù, òun kò sì lè jà láìgbọ́ ọ. Àwọn àgbà àdúgbò wọlé, wọ́n béèrè onílù. Ó na ìka sí ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò lọ́wọ́. Ẹni tó jẹ́ kí ìlù dún ni onílù. Àgbò ló fi san ìtánràn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè é ní Baba Onílù. Mo pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Mo pè é bẹ́ẹ̀ lórí ìlà Kọmúníọ̀n, fádà fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Sylvanus kò rẹ́rìn-ín. Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Báyìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli ti lọ ìsinmi, ẹ̀rọ náà nìkan ló ń bá mi jà. Mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìgboyà rẹ̀ ń jò, kò sì bínú. Ohun tí kì í bínú, kí ni a fẹ́ fi yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ṣe?

6. Sylvanus ni mo fẹ́ fún ní ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n lọ́yà ní ẹni tó bá jogún kò gbọdọ̀ jẹ́rìí, àti pé ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wá fúnra wọn, kí wọ́n dúró wo ọwọ́ mi bí mo ti ń kọ orúkọ mi. Mo ro ó. Mo mú orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ogún, mo fi sí ìsàlẹ̀ ìwé, níbi ẹlẹ́rìí. Kí Mojí gba ẹ̀rọ.

Sylvanus, n kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ọ. Ṣọ́ọ̀bù ni a ó ti fọwọ́ sí i. Cecilia, ẹlẹ́rìí kìíní, ti ṣe tán. Bí o kò bá wá, ìwé yìí kì í ṣe ìwé, ogún mi a sì di ìjà láàrin àwọn ọmọ mi.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọ̀wọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, ọdún 1998.
Ignatius Oyèbọ̀dé Babáyẹmí

Ẹlẹ́rìí kìíní: Cecilia Oyèkẹ́, nọ́ọ̀sì, òdìkejì ọ̀nà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Sylvanus Láníyì. Nítorí òfin ni mo ṣe wá. Ó fọwọ́ sí i lójú mi. Mo dúró díẹ̀ sí i níwájú ẹ̀rọ náà.