Orin Tó Wà Lọ́wọ́ Olólùfẹ́: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Jósẹ́fù Olúrótìmí Ayẹni (1938–1999)

Ìlú Ìkọ̀lé-Èkìtì ni a bí Bàbá wa sí ní ọdún 1938. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá wọn, Olóyè Ayẹni. Ìyá wọn, Ọmọ́fẹ́, ni olóhùn iyọ̀ tí àwọn tó ń lọ odò máa ń dúró gbọ́. Bàbá jáde ìwé mẹ́fà ní 1952, wọ́n sì wá sí Ìbàdàn ní 1957 láti kọ́ṣẹ́ títún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀.

Ní 1965, wọ́n gbé Moróunkẹ́, ọmọ Adéfọlárìn, níyàwó nínú ìjọ Aládùúrà ní Baṣọ̀run, níbi tí wọ́n ti darí àwọn akọrin fún ogún ọdún. Ní 1970 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin Ìtùnú sílẹ̀. Àwo mọ́kànlá ni wọ́n gbé jáde.

Ní 1992, ayé yí. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo wọn kógbá sílé. Ọjà orin fọ́ sí wẹ́wẹ́: àwọn ọ̀dọ́ ya sídìí fújì, àwọn onígbàgbọ́ ní orin ìjọ nìkan làwọn ń fẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ti òyìnbó. Nínú ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún, méje ló kù. Ẹ̀rù ba Bàbá pé orin àwọn yóò kú ṣáájú àwọn.

Síbẹ̀, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi ìdánrawò ọ̀sán Sátidé ní Agbowó, tí àwọn olólùfẹ́ wọn máa ń wá gbọ́. Bí iṣu ẹni bá ta, wọ́n ní, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Lọ́jọ́ kan ní 1993, wọ́n rí rédíò kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìborùn Adùnọlá, akọ̀wé ìjọba kan tí kì í pa ìdánrawò jẹ. Wọ́n dá orin dúró. Adùnọlá kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, sà. Màmá mi ni mo ń gbà á fún. Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Apẹ́tẹ́, wọn ò lè wá mọ́.” Bàbá ní kó gbé e súnmọ́ àwọn dáadáa, kí àwọn tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti Sátidé kejì, ẹni tó bá ní rédíò ń gbé e bọ̀, tòun ti kásẹ́ẹ̀tì òfìfo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn télọ̀ àdúgbò Challenge, Alhaja Mùtíátù aláṣọ, gbogbo wọn to rédíò wọn sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá ń yí orin padà fún wọn: wọ́n á mú un yára fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á fi àdúrà sí i fún aláìsàn, wọ́n á dárúkọ ọmọ tuntun. Níbi tí adùn náà pọ̀ dé, wọ́n gbàgbé láti gba ẹyọ kan sílẹ̀ fún ara wọn.

Ní 1997, àrùn ọ̀fun gba ohùn Bàbá. Ìgbà náà ni ẹbí tó mọ̀ pé kò sí ọ̀kankan nínú àwọn orin Agbowó nílé. Bàbá kọ ọ́ sórí ìwé pé ohun kan ṣoṣo tó ń dun àwọn nìyẹn. Adùnọlá gbọ́, ó fọ́n ọ̀rọ̀ náà ká. Kí oṣù tó parí, kásẹ́ẹ̀tì tó lé ní igba ti wọlé sí ilé wa ní Baṣọ̀run. Ẹnu ya gbogbo ilé. Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohùn ẹni tó ni rédíò, tó jókòó tì í tó ń gbè, ló ròkè ju ti Bàbá lọ. Níbi tí Bàbá ti ń kọrin, wọn kò gbọ́ ohùn wọ̀nyí rí. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú omijé, wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé pé: “Ṣé báyìí ni ẹgbẹ́ mi ṣe pọ̀ tó?”

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, 1999. Wọ́n fi ìyàwó wọn, Màmá Moróunkẹ́, sáyé, àti ọmọ mẹ́ta: Fèyísọ́lá, Jésùlọlá àti Olúwapamílẹ́rìn, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti àwọn elégbè tí ẹbí kò lè kà tán.

Ẹ sùn re o, Bàbá, ọmọ Ọmọ́fẹ́. Ẹ fi ohùn sinmi. A ó máa gbè é.