Ìjókòó Dolores Nínú Ọkọ̀

Ọjọ́ Ajé, 13 Òkúdu

Dolores wá. Kò kanlẹ̀kùn — ta ní í kanlẹ̀kùn níbí? — ó wọlé, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní Geraldine ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Alberta, ìjókòó kan ti ṣófo nínú ọkọ̀ ìdíje wa lórí adágún. Mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Retta, àbí kẹ́túlù yìí?"

Ọdún mọ́kànlá. Mi ò fọwọ́ kan àjẹ̀ láti òwúrọ̀ tí mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ ẹja. Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn náà. Èjìká ọ̀tún mi fọ́ bí àwo. Irin ni wọ́n fi tò ó, irin náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyálé ni mo sọ èjìká náà: òun ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń kọ́kọ́ ráhùn, a kì í ṣe nǹkan kan nínú ilé yìí láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní n ó rò ó wò. Dolores ní, "Rò ó. Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́." Ó mu tíì mi tán, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, Ọ̀gágun ni.

Ohun tí mi ò sọ fún un: dókítà ní àtọ̀gbẹ ti ń wò mí láti ojú fèrèsé. Mo ti sanra. Tí mo bá gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì, màá ṣe bí ẹni ń wo òkun, kí n lè mí kanlẹ̀.

Ọjọ́rú, 15 Òkúdu

Mo lọ.

Kùrukùru bo adágún, a ò rí òdìkejì. Òórùn ilé ọkọ̀ náà kò yí padà — ọ̀dà, igi tútù, ìbọ̀sẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá Gus wà níbẹ̀, ẹni tó ti ń jókòó ní ìdí ọkọ̀, tó ń di ìtọ́kọ̀ mú fún wa láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Ó ti pé ọgọ́rin ọdún báyìí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Retta, ọmọ mi. Wọ́n ní ìwọ àti àga ìrọ̀gbọ̀kú ti ṣègbéyàwó."

Mo ní a ti kọ ara wa sílẹ̀, Bàbá, ẹ jẹ́ n wọ ọkọ̀ yín. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta láti ilé Power, pẹ̀lú Una, Dolores àti èmi. Obìnrin mẹ́fà, àjẹ̀ mẹ́fà, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Kò sí ẹni tí kò tíì lé láàádọ́ta ọdún, àfi àbíkẹ́yìn àwọn Power, òun náà sì ti ń sún mọ́ ọn. Ìdíje wa ni Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Ògún.

Dolores jókòó sí imú ọkọ̀ lẹ́yìn wa, níbi tó ti ń jókòó láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó ń fa àjẹ̀ a máa kọ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Nítorí náà láti ìjókòó yẹn, Dolores ń rí ẹ̀yìn gbogbo wa, kò sì sí ẹni tí ń rí tirẹ̀. Ìjókòó Geraldine ni wọ́n fún mi, iwájú Dolores gan-an. Ohùn rẹ̀ kò kúrò létí ọ̀tún mi.

Ṣùgbọ́n áà! Nígbà tí a kọ́kọ́ fà á, tí omi gbá àjẹ̀ mú, tí ọkọ̀ sì fò bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ — mo ti gbàgbé pé ara mi mọ nǹkan yìí. Ara mi kò gbàgbé.

Lẹ́yìn náà Ìyálé jí.

Ọjọ́bọ̀, 16 Òkúdu

Mi ò lè gbé kẹ́túlù. Clar, ọkọ mi, bá mi gbé e. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára èjìká mi.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Òkúdu

Clar sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lónìí, níbi tí a ti ń jẹ ẹran oníyọ̀ àti kábéèjì. Ó ń gé ẹran, kò wò mí.

"Tó bá tún fọ́ ńkọ́?"

Mo ní tó bá fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn.

"Ta ni yóò di irun rẹ?"

 Ní ìgbà òtútù ọdún tí èjìká mi fọ́, òun ló di irun mi ní àràárọ̀, òun ló de bọ́tìnnì mi. Apẹja alákàn, ọwọ́ bí pákó — ó di irun mi bí ẹni ń tún àwọ̀n ṣe, ahọ́n rẹ̀ yọ síta díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mò ń sunkún, òun ni ń ka ìdì irun.

Mo ní, "Ìwọ náà ni. O kúkú ti mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti dìde lọ fọ abọ́ kí ẹ̀rín náà tó parí.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Òkúdu

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú iṣan ní ilé ìwòsàn fún mi ní rọ́bà gígùn kan, pé kí n so ó mọ́ ilẹ̀kùn, kí n máa fà á. Ó ní ìrora méjì ló wà: èyí tó ń bínú àti èyí tó ń ṣiṣẹ́. Kí n kọ́ láti dá wọn mọ̀. Mo ní ohùn kan náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ní báyìí ná."

Ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń dáná ni mo so rọ́bà mọ́, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá Sutton dá kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ dúró kó lè wòran. "Fà á, ọmọ! Fà á! Àbí o ti fẹ́ wá gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Òkúdu

Àwọn ẹja kéékèèké ti ya sétíkun bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Gbogbo ìlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú korobá. Mo gbé korobá temi délé — ọwọ́ ọ̀tún. Ó kún dé ìdajì.

Ọjọ́rú, 6 Agẹmọ

Ọjọ́ burúkú.

A ti ń wa ọkọ̀ dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èémí mi ti ń gùn sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yára, Ìyálé a máa ké — èyí tó ń bínú ni, mo ti mọ ohùn rẹ̀ báyìí — àjẹ̀ mi a sì pẹ́ wọmi. Bàbá Gus ní ká dúró. Ó wò mí títí.

"Apá òsì ni àjẹ̀ rẹ yọ sí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ló wà ní ìdí rẹ̀, òun ló ń ru iṣẹ́. Tí o bá wà níbi tí àjẹ̀ ti yọ sí ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni yóò rù ú. Kí ìwọ àti Dolores pààrọ̀ ìjókòó."

Àwọn yòókù kò mọ̀ ju apá kan ṣoṣo lọ. Dolores nìkan ló mọ apá méjèèjì, nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Gbogbo wa yíjú sí i.

Ó ní, "Rárá."

Bàbá Gus rò pé kò gbọ́. Ó tún un sọ.

"Mo gbọ́ yín. Mo ní rárá. Ìgbà tí ẹni kan bá wọlé lánàá, ṣé onílé ló yẹ kó kó ẹrù?"

Lánàá! Èmi tí mo jókòó nínú ọkọ̀ yìí kí ilé ọkọ̀ tó ní òrùlé.  A wa ọkọ̀ padà sétí omi.

Ọjọ́bọ̀, 7 Agẹmọ

Dolores wa mọ́tò kọjá níwájú ilé. Kò juwọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Agẹmọ

Apá kejì ṣọ́ọ̀ṣì ni Dolores jókòó sí. Nígbà tí wọ́n ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, ó bọ àwọn mẹ́rin lọ́wọ́, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Clar ní ká fi í sílẹ̀. "Tí Dolores bá ń bínú tó báyìí, nǹkan mìíràn ló ń bí i." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, kò sì lè sọ kí ni nǹkan náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Agẹmọ

Mo dá ẹ̀wù ẹgbẹ́ padà fún Bàbá Gus. Ó wà nínú ọgbà rẹ̀, ó ń wú ànàmọ́ wò bóyá ó ti ta.

"Gbé e sórí òkúta yẹn. Mi ò gbà á, mi ò kọ̀ ọ́."

Mo dé ilé, mo din ìyẹ̀fun pípò, mo da oyin dúdú lé e, mo jẹ tèmi àti ìpín Clar.

Ọjọ́bọ̀, 14 Agẹmọ

Mo ṣì ń fa rọ́bà. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo tún gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì lónìí láì dúró wo òkun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Agẹmọ

Dolores wá. Ó kanlẹ̀kùn.

Ó dúró lórí ẹní ẹnu ọ̀nà bí àlejò. Mo gbé tíì síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ó wá bá mi jà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì.

"Gún un."

Mo ní kí ni? Ó mú fọ́ọ̀kì, ó fi gún orí ìka rẹ̀ mẹ́ta fúnra rẹ̀, ó wò mí lójú. Kò ṣẹ́jú.

Láti ìgbà òtútù. Àwọn ìka náà ti kú, kò mọ̀ bóyá nǹkan wà lọ́wọ́ òun àbí kò sí, àfi tó bá wò ó. Ó ti fọ́ ife mẹ́rin nílé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ológbò ni. Níbi ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn wa, ọwọ́ òsì ló ń ru iṣẹ́, ọ̀tún kàn ń bá a lọ ni, kò sì sí ẹni tó lè rí i. Tó bá pààrọ̀ pẹ̀lú mi, ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ni yóò di ìdí àjẹ̀ mú.

"Yóò bọ́ sómi lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo ìlú, Retta."

Ohùn rẹ̀ kéré. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu Ọ̀gágun.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò tú ká. Mo bi í pé dókítà ńkọ́. Ó ní dókítà yóò ní kí òun má wa ọkọ̀ mọ́, kí ló dé tí òun yóò fi jó epo mọ́tò dé ìlú ńlá St. John's láti gbọ́ ìyẹn? Mo ní kó fi mí sílẹ̀, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ó ní ta ni? Ó ní òun ti wá a tì. Ó ní, "Tí o kò bá wá, kò sí ọkọ̀ lọ́dún yìí. Tí o bá wá jókòó síbi tó ń dùn ọ́, irin yẹn yóò yọ. Àbúrò mi yóò sì pa mí."

Mo da tíì tó ti tutù náà nù, mo bu òmíràn. 

Mo ní, "Jẹ́ ká pààrọ̀. Tó bá bọ́, ó bọ́. Kí ni ìlú yìí kò tíì rí lára wa?"

Ó sunkún díẹ̀, ó bínú pé òun sunkún, ó ní tíì mi kò dáa rí.

Ọjọ́ Ajé, 18 Agẹmọ

A pààrọ̀. A sọ fún Bàbá Gus nìkan. Ó fi aṣọ rírọ̀ wé ìdí àjẹ̀ náà kó lè tóbi lọ́wọ́ Dolores. Ẹ̀wù mi ṣì wà lórí òkúta. Òjò ti pa á.

Ọjọ́rú, 27 Agẹmọ

Ìyálé ń sùn! Ọwọ́ òsì mi ń ru iṣẹ́, ọ̀tún ń tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Ìrora wà, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni.

Èmi ni mo wà lẹ́yìn gbogbo wọn báyìí. Mo ń rí ẹ̀yìn Dolores. Mo ń rí i tó ń tẹ orí ba ní gbogbo ìgbà, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá àjẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Ògún

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́.

Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ ní òwúrọ̀, wọ́n ní ìdíje yóò wáyé. Ọkọ̀ márùn-ún. Gbogbo ìlú wà létí adágún. Clar jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó ti gíláàsì pa bí ẹni pé òjò ń rọ̀.

A jáde dáadáa. Àlọ — mi ò wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí mo kéré. Mi ò ronú nípa èjìká. Ní ibi àgbá pupa tí a ti ń yípo, ọkọ̀ méjì péré ló wà níwájú wa, Bàbá Gus sì ń pariwo pé a óò mú èkejì, a óò mú un! A yípo. A fà á, a tún fà á, a ti ń rí ìdí ọkọ̀ kejì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Mo rí i kó tó ṣẹlẹ̀. Dolores gbójú sókè láti wò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kò wo ọwọ́ rẹ̀. Àjẹ̀ náà yọ, ó bọ́ sómi, ó sì léfòó lọ sẹ́yìn wa.

Ọkọ̀ wọ́. Mẹ́ta lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, a ti ń yà bàrà lọ sínú koríko. Bàbá Gus kígbe, "Retta! Gbé tìrẹ sókè!"

Agbára ṣì wà lára mi. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Gbogbo rọ́bà tí mo fà, gbogbo òkè tí mo gùn, ara mi wà níbẹ̀ tó ń bẹ̀ mí pé ká lọ. Mo gbé àjẹ̀ sókè. Omi ń kán lára rẹ̀ sórí itan mi. Àwọn mẹ́rin yòókù wa ọkọ̀ dé òpin ìdíje, àwa méjì jókòó bí ẹrù.

Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Dolores. Kò yíjú.

"Gbọ́wọ́ kúrò. Ọkọ̀ ń mì."

Ìkẹyìn la ṣe. Ariwo tí wọ́n pa fún wa ju ti ẹni tó ṣe kìíní lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn dáa. Lójú gbogbo wọn, Dolores jáde kúrò nínú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ní, "Ìka mi ti kú. Ẹ má dá àwọn yòókù lẹ́bi." Ó sì lọ wá tíì.

Clar sọ̀ kalẹ̀. Ó wò mí yíká. Ó ní, "Irun rẹ ṣì wà bí o ṣe dì í." Ìyẹn ni gbogbo ohun tó rí sọ. Ó di àpò mi mú délé.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Ògún

Mo jí. Mo gbé kẹ́túlù.

Ọjọ́rú, 10 Ògún

Mo fi mọ́tò gbé Dolores lọ sí St. John's. Iṣan kan ló há sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Wọn yóò là á kó tó di ìgbà òtútù. Àwọn ìka lè jí, wọ́n sì lè má jí. Ó yẹ kó ti wá tipẹ́, dókítà ní. Ní gbogbo ọ̀nà padà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Ògún

Bàbá Gus ránṣẹ́ pe gbogbo wa sí adágún lẹ́yìn ìsìn. Una mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, nọ́ọ̀sì ni, èjìká rẹ̀ gbòòrò. Dolores ti gba ìgbálẹ̀, ó ń gbá ilé ọkọ̀. Ó ní òun kò ní pẹ́, òun kàn wá kó ìbọ̀sẹ̀ òun ni.

Bàbá Gus ní ojú òun kò rí àgbá pupa mọ́. Ó ní láti ọdún mélòó kan ni òun ti ń fi ìró tukọ̀. A wo ara wa. A kò mọ̀! Ó yí sí Dolores.

"Ohùn rẹ ti ń ṣe iṣẹ́ mi láti ọjọ́ yìí. Jẹ́ kí ìdí rẹ lọ bá a ní ìjókòó mi."

Dolores gbá ilẹ̀ títí. Ó gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ìtọ́kọ̀ mú. Ó dojú kọ wá, gbogbo àwa mẹ́fà, ọmọ Una nínú ìjókòó tó fi sílẹ̀.

A kò tíì kúrò létí omi.

"Retta! Ẹ̀yìn rẹ ti tẹ̀ bí ìwọ̀! Nà án!"

Mo nà án. Mo fà á.