Ìbọn Má-fọwọ́-kàn-án àti Etí Bàbá Wa

                                                            Ilé Atúnbọnṣe,
                                                            Ẹ̀yìn Àgbàlá Àwọn Onírin,
                                                            Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà níbẹ̀? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun? Ọmọ yín ńkọ́, ṣé eyín tó ń hù lẹ́nu rẹ̀ ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Iṣẹ́ wẹ́dà ńkọ́, ṣé iná kò ta sí yín lójú mọ́? Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ti ra awò tuntun. Màmá wà, wọ́n ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún wọn ṣì ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Ara tèmi náà le. Ọkàn mi nìkan ni kò sí nílé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé mi dé ìdí bébà, nítorí awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù tó máa bá mi mú ìwé yìí wá kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà yín tí mo ní kò sì lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ wálé kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Mo mọ̀ pé ẹ búra pé ẹsẹ̀ yín kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá mọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ní kí wọ́n lọ sinmi, tí wọ́n ní bí ojú bá ń tì yín láti jẹ́ ọmọ atúnbọnṣe, kí ẹ máa lọ síbi tí wọ́n ti ń jó irin ọkọ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Bí ẹ bá fi ti ìbínú yẹn dúró sọ́hùn-ún, ẹ̀rù ń bà mí pé ìròyìn tí ẹ máa tún gbọ́ nípa Bàbá máa jẹ́ èyí tí ń pe èèyàn wálé wá sìnkú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ṣé ẹ rántí bàbá tó ń wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ omi nígbà kan, tí gbogbo wa ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí pé èèyàn kò gbọdọ̀ fara ti ọkọ̀ rẹ̀? Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, oko ló ń dá, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó sì ń wú gbogbo ohun tó gbìn. Ni ó bá gbé ìbọn bàbá tó bí bàbá rẹ̀ wá. Ó fi aṣọ ìbora wé e, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Kòkòrò ti jẹ igi ìdí rẹ̀ di lẹ́bulẹ́bu, sípíríǹgì rẹ̀ ti kú, ìpẹtà sì ti bo irin. Ẹ wo ojú Bàbá! Bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe. Wọ́n gbẹ́ igi tuntun fún un, wọ́n rọ sípíríǹgì tuntun, èmi ni mo fi sanpépà àti epo ṣí ìpẹtà rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, èmi ni mo ń bá wọn di iṣẹ́ mú.

Níbi tí mo ti ń nu irin gígùn tí ọta ń gbà jáde ni èékánná mi ti há, lápá ìsàlẹ̀ tí ẹ̀tù ti ń jó. Ìpẹtà máa ń fẹ̀, ó máa ń họ. Èyí kò họ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ó sì lọ gbọọrọ. Mo fi epo kùn ún, mo nù ún gbẹ, mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, epo ti tún yọ jáde lójú ìlà náà, wínníwínní, bí òógùn. Ẹ̀gbọ́n mi, irin náà ti là.

Mo gbé e lọ fún Bàbá. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n fi èékánná tiwọn ha á. Ẹ mọ èékánná Bàbá, ó nípọn bí igbá ìjàpá, kí ni yóò gbọ́ níbẹ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ìlà ogbó ni. Èmi náà ní in níwájú orí, ṣé mo ti là ni?” Wọ́n wá mú òòlù kékeré, wọ́n fi okùn so irin náà kọ́ sára igi àjà, wọ́n kàn án.

Ẹ̀yin gan-an ni ẹ kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí èèyàn gbọ́. Irin tó pé yóò dún bí agogo, ohùn rẹ̀ yóò máa lọ títí. Irin tó là yóò dún bí ìkòkò tó fọ́, yóò sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí dún “kọ̀,” ó dákẹ́. Mo wo Bàbá. Wọ́n ti di ojú, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní, “O gbọ́ bó ṣe ń kọrin? Kò tíì tán o, ṣì máa gbọ́.” Ilé pa lọ́lọ́. Kò sí ohun kan tí ń dún.

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni Bàbá ti ń sọ fún wa pé kí a lé ìrẹ̀ jáde nínú àjà, pé kì í jẹ́ kí àwọn sùn. Màmá ti fi ìgbálẹ̀ gbá àjà náà títí ó fi sú wọn. Ọjọ́ yẹn ló tó yé mi. Kò sí ìrẹ̀ nínú àjà. Etí Bàbá ló ń ké, látàrí gbogbo ìbọn tí wọ́n ti ń yìn láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Gbogbo irin tí wọ́n bá kàn, igbe inú etí yẹn ló ń dá wọn lóhùn, wọ́n á sì ní irin ló ń kọrin.

Kí n má baà pa irọ́ mọ́ wọn, mo dán an wò. Mo so igi ọkọ́ kan kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn níbi tí wọn kò ti lè rí i, mo fi òòlù lù ú, mo ní kí wọ́n bá mi gbọ́ ìbọn oníbàárà kan. Láti orí àga wọn, wọ́n ní, “Ìyẹn mọ́ gaara. Ta ló ni ín?” Igi ọkọ́ o! Mo wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, mo gbé ẹnu sínú aṣọ, mo sunkún.

Ilé wa kò kúkú ṣàjèjì sí ìranù ìbọn. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò tíì gbàgbé ìbọn tí ẹni tó ni ín fi ìyá rẹ̀ búra pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí ẹ ti fi í sẹ́nu ẹ̀mú orí tábìlì, tí ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ṣe ni ọta gba ara ògiri pákó kọjá sára ṣòkòtò ọkọ ìyàwó tí télọ̀ fi kọ́. Títí di òní, bí ó bá rí mi, á ní, “Ẹ bá mi kí bàbá yín, ẹ ní mo ṣì ń wá bọ́tìnnì tó bá ihò yẹn mu.” Ọlọ́dẹ ilé-ìkẹ́rùsí náà ńkọ́, tó ń fi ìbọn ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ lójú ẹrẹ̀, tí ẹrẹ̀ di ẹnu rẹ̀ pa? Bó ṣe yìn ín, ìbọn wú láàárín bí ejò tó gbé eku mì, òun náà dé sọ́dọ̀ wa láìní irun ojú, ó ní sípíríǹgì Bàbá ni kò dáa. A rẹ́rìn-ín títí inú fi run wá. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé àwọn tí nǹkan kan kò ṣe nìkan ni à ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹnì kankan kì í fi ti Bọ̀dá Olósì rẹ́rìn-ín, tí òun àti Bàbá jọ kọ́ṣẹ́. Irin tó là bí èyí, níbi kan náà, ló mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni òòlù kékeré ti di òfin lọ́dọ̀ Bàbá.

Òfin kejì náà ń bẹ, ẹ̀yin náà kò ní gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ìbọn kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ yìn ín, lójú ẹni tó ni ín. Bí onítọ̀hún bá kọ̀ tí kò yìn ín, ìbọn náà kò gbọdọ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọn yóò gé irin rẹ̀ sí méjì ni. Mo ṣì rí ọ̀gá ológun yẹn lójú mi, tí Bàbá gé ìbọn rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ń bú wọn, wọ́n ń jẹun wọn lọ bí ẹni pé òjò ló ń rọ̀ síta.

Ọjọ́ Ẹtì yìí ni Bàbá máa yin ìbọn Má-fọwọ́-kàn-án. Wọn yóò gbé igi rẹ̀ ti èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó là yẹn gan-an.

Ẹ má rò pé mo káwọ́ gbera. Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní iṣẹ́ tí Bàbá ń ṣe kí àwọn tó mọ̀ wọ́n, kí ni àwọn fẹ́ sọ sí i? Mo lọ bá Má-fọwọ́-kàn-án nílé, mo ní irin ìbọn rẹ̀ ti là, kó wá mú un, kó gbé e kọ́ sórí ìlẹ̀kùn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe ìwọ ni o kì í sọ̀rọ̀? Ọjọ́ tí o wá lanu, ohun ìní bàbá mi lo rí sọ̀rọ̀ sí. Ṣé ìwọ lo kọ́ bàbá rẹ níṣẹ́ ni?” Kí n tó dé ilé, ó ti rán ẹnì kan sí Bàbá. Wọn kò nà mí, wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ní, “Mo rò pé ilé ni a ti ń gbọ́ pé mo ti darúgbó. N kò mọ̀ pé o ti ń kéde rẹ̀ níta.” Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á dúró kí n kúrò kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò fi sọ fún wọn lójú pé etí wọn ti lọ. Mo ti lọ dúró lẹ́yìn àga wọn láti sọ ọ́, mo sì padà. Ojú wọn ti ń ṣú, wọ́n mọ̀, ìyẹn ò dùn wọ́n, nítorí wọ́n ní etí ni atúnbọnṣe fi ń ríran. Bí mo bá wá gba etí náà lọ́wọ́ wọn, kí ló kù tí wọ́n fi jẹ́ Bàbá Atúnbọnṣe? Wọn kò sì ní gbà á lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ni wọ́n fúnra wọn kọ́ bí irin ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì máa ń sọ ọ́, bí wọ́n bá rò pé kò sí èèyàn nítòsí, pé etí ọmọkùnrin yẹn dára. Bí ẹ bá dé kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, ẹ̀yin àti Bàbá á wọlé, ẹ á ti ìlẹ̀kùn, ẹ á kan irin náà, ẹ á sọ ohun tí ẹ gbọ́. Ará ìta kankan kò ní mọ̀.

Bí ẹ kò bá wá, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Bàbá ti parí iṣẹ́ náà. Wọ́n ti fi aṣọ wé e, wọ́n ti so ó, wọ́n ti gbé e kọ́, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ tó bá ti parí mọ́ títí ẹni tó ni ín á fi dé. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n lọ wẹ̀, mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì kan tó wà nídìí rẹ̀, mo sì dè é padà. Mo wé e, mo so ó. Ìso tèmi ni mo so, kì í ṣe tiwọn.

Ọwọ́ mi ló kàn án kẹ́yìn báyìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Má-fọwọ́-kàn-án ń kó gbogbo ilé rẹ̀ bọ̀ wá wòran. Bàbá á fọwọ́ kan ìso yẹn, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn, wọ́n á sì béèrè ta ló tú u. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ ni yóò dáhùn níwájú gbogbo èèyàn pé èmi ni, àti pé n kò ní yìn ín. Bí Bàbá bá pa òfin wọn mọ́, wọ́n á gé ìbọn náà, wọ́n á wà láàyè, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá wọ́n á tún pè mí lọ́mọ. Bí wọn kò bá pa á mọ́, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi… Ẹ̀gbọ́n mi, n kò lè kọ ọ́ parí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ bá mi fọwọ́ pa ọmọ lórí. Ẹ má wulẹ̀ kọ èsì, ìwé kò ní tètè dé. Ẹ gbé ara yín wá. Bí ẹ bá dé, tó jẹ́ pé a ti ti ìlẹ̀kùn, ẹ má pe Bàbá. Ẹ rọra kàn án ni. Èmi ni màá gbọ́ ọ.

                                                            Èmi ni àbúrò yín tó tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà,
                                                            Adákẹ́.