Ẹkún Tí Mo Gbọ́ Nínú Tẹlifóònù Rẹ

Láníyì ọmọ mi,

Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilẹ̀ àjèjì kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà ní abúlé níbí, a kò ṣàárẹ̀, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ewúrẹ́ abilà ti bí ìbejì, ìjì sì ti ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé. Mùnírátù ọmọ Ṣítù káfíńtà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, òun náà ló ka tìrẹ fún mi. Ó kí ọ. Tàbí kò kí ọ, èmi ni mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

A rí lẹ́tà rẹ gbà. Ìlà méjì péré ni o fi kí èmi ìyá rẹ, gbogbo ìyókù, ẹ̀rọ ni. O ní o kò lè wá ṣe Iléyá, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé, nítorí pé wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní mọ́dẹ́mù wá sí ọ́fíìsì yín ní Gwagwalada, ìwọ ni o sì ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi tẹlifóònù pe ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó. O kú iṣẹ́. O ní o ti kọ́ ọ kí ó kọ́kọ́ tẹ òdo, kí ó fi tọrọ ọ̀nà kó tó jáde kúrò nínú ọgbà yín, kí ó sì dákẹ́ gbọ́ ohùn wáyà ná kó tó máa tẹ nọ́ńbà. O ní ẹ̀rọ mìíràn máa ń fi orin pe nọ́ńbà, ṣùgbọ́n wáyà tiyín ti gbó, kò gbọ́ orin, nítorí náà kí ó máa kàn án tó, tó, tó, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Bí ẹni tó pè kò bá gbé e, kí ó sinmi díẹ̀, kí ó tún pè. Inú mi dùn pé o mọ ọmọ tọ́ tó báyìí. Mo mọ ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ kọ́ ní gbogbo èyí láti kékeré, kò rántí ìkankan níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ pé nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn wà lórí lẹ́tà rẹ, mo wé gèlè, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ bá mi pè é, wọ́n sì gbé e kíá. N kò tíì kí àsàlámù àlékù tán tí ọmọbìnrin kan fi figbe ta, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ mí. Láníyì, èmi náà ti ṣe ìyàwó rí. Mo sun ẹkún ìyàwó láti ilé bàbá mi títí dé ìloro ilé bàbá rẹ, bí mo bá gbọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ìyàwó mi, má sunkún mọ́, ilé ire ni o wọ̀." Ó tún ké, ohùn rẹ̀ wá há bí ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú, lẹ́yìn náà ẹnìkan pa tẹlifóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣé báyìí ni wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní Gwagwalada?

O kú oríire o. O gbéyàwó, a kò gbé obì, a kò mọ àna, èmi ni mo fi owó ọkọ̀ lọ gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Mùnírátù ní ẹ̀rọ ló ké, pé bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Mo bi í pé ṣé ó wà níbẹ̀ ni, ó tẹjú mọ́ ìwé, ó ń kọ̀wé lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbèjà rẹ. Ìwọ lo ní kí ó dúró dè ọ́, láti ìgbà náà o kò tẹ òdo, o kò kan ilẹ̀kùn. Babalọlá tó ń ta bàtà ní Ìlọrin ti gbé obì wá bá Ṣítù nítorí rẹ̀. Ṣítù kò gbà á, kò sì dá a padà, ó ní òun ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Ojú ń tì mí láti gba iwájú ilé wọn kọjá.

Nítorí náà, èmi àti Ṣítù ti fẹnu kò. Mùnírátù fúnra rẹ̀ ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Zuba ni yóò máa sùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan sọ. Mú un lọ wo ẹni tó ń ké yẹn. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó, isu tí Mùnírátù gbé dání wá, ti ìyàwó ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kì í jẹ iyán, ẹ̀yin méjèèjì ẹ jẹ ẹ́.

Fi owó páànù ránṣẹ́ sí mi, má sì gbàgbé òògùn orúnkún. Ọlọ́run Ọba yóò ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, ọmọ tìrẹ náà yóò rántí rẹ lọ́jọ́ alẹ́.

Owó ọkọ̀ àlọ nìkan ni mo fún Mùnírátù. Bí o kò bá fẹ́ ẹ, ìwọ ni kí o ka ti àbọ̀ lé e lọ́wọ́, kí o máa wo ojú rẹ̀ bí o ti ń kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pa eléyìí rẹ́ kó tó kọ ọ́, má bínú sí ìkọ̀wé. Ó ti dúró níwájú rẹ báyìí. Ó ti kan ilẹ̀kùn, ó ti dákẹ́, ohùn rẹ ló ń retí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù