"Ìwọ" Tó Bọ́ Lẹ́nu Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí àwa ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ náà wá jókòó tì wọ́n, ká lè kọ́ṣẹ́. Gbọ̀ngàn gbóná. Fáànù kan ló ń yí, ìyẹn náà ń ké. Mo jókòó sẹ́yìn Mọ́mì Àgbà – ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Kíláàsì wọn ni mo ti máa kọ́ṣẹ́ tí ilé-ìwé bá wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ń fi mí han gbogbo èèyàn: "Kékeré mi rèé o. Òun ló máa gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi."

Inú mi dùn. Ẹ̀rù sì bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun
Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wa – mo ti sọ ọ́ ní Ẹ-Jẹ́-Ká-Jíròrò, torí kò lè mí láì sọ ọ́. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní "ó".) Ó ní lọ́la, àwa akẹ́kọ̀ọ́ la máa ṣe tíṣà, àwọn olùkọ́ á ṣe ọmọ ìwé. Iṣẹ́ tèmi: ojúṣe ọmọ nínú ilé. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́rú
Mo tọ́ka sí Mọ́mì: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ-Jẹ́-Ká-Jíròrò ní tíṣà wo ló ń sọ "ẹ jọ̀ọ́ mà" fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe – "ẹ" náà ló tún jáde. Ó ní bóyá iṣẹ́ yìí kò yẹ mí, bóyá kí n kúkú lọ jókòó. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn ara mi:

"Ìwọ, dìde. Kí ni ojúṣe ọmọ nínú ilé?"

Mọ́mì dìde. Wọ́n fa aṣọ wọn tọ́. "Kó mọ ẹni tó jù ú lọ, tíṣà."

Àtẹ́wọ́. Obìnrin tó jókòó tì wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Kékeré yín ti di ọ̀gá yín o." Ẹ-Jẹ́-Ká-Jíròrò ní èmi ni mo ṣe dáadáa jù. Ẹ kú oríire, èmi.

Ọjọ́bọ̀
Mo kúnlẹ̀ fún Mọ́mì láàárọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, eré ni. "Ẹ dìde, tíṣà. Ẹ ò ṣẹ̀ mí." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí. Ẹ-Jẹ́-Ká-Jíròrò fi mí ṣe àpẹẹrẹ: "Ẹ wo ọmọ tó borí ìtìjú." Mọ́mì ń wo fáànù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta
Mọ́mì ní, "Ẹ wá jẹun." Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá àlejò wọlé. Kò sí àlejò.

Ọjọ́ Àìkú
Kò sẹ́ni tó pè mí ní Kékeré láti Ọjọ́rú.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án
Kíláàsì. Mọ́mì na ṣọ́ọ̀kì sí mi, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi nà án, bí ẹni ń fún àgbà ní nǹkan. Ọmọbìnrin kan níwájú wo ojú mi, ó wo tiwọn.

"Mà, ṣé ọmọ yín ni wọ́n?"

"Rárá. Tíṣà ni wọ́n."

Mo yíjú sí pátákó, mo kọ déètì síbẹ̀. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè kọ.