Irin Bíréèkì Tó Tẹ̀

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le koko. Ẹ̀rọ tí mò ń lò níbi iṣẹ́ a máa tan ìmọ́lẹ̀ yí nǹkan ká, á gbé àwòrán rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, ká lè mọ̀ bóyá ó gún tàbí ó tẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi wọn irin bíréèkì bọ́ọ̀sì kan, ó tẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Tún un wọ̀n."

Mo nù ún, mo tún un wọ̀n, ó ṣì tẹ̀.

"Ìyẹn ò tó nǹkan. Ṣáà fọwọ́ sí i pé ó gún."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, sà."

Ló bá já káàdì iṣẹ́ kúrò lọ́rùn mi. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe gbé irin náà jáde lọ dè mọ́ bọ́ọ̀sì! Mo pariwo títí, wọ́n ṣáà ń gbé e lọ. Inú ń bí mi, Màámi.

Ṣùgbọ́n ẹ má ronú, ìsinmi ni mo wà. Mo ti kó wá sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, torí yàrá mi tóbi jù fún èmi nìkan. Àga pálọ̀ wọn rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n dín bí wọ́n ṣe ń sọ fáwọn ará àdúgbò kù pé ọmọ wọn ti dọ̀gá.

Èmi ni,
àkọ́bí yín.