Ta Ló Fún Wọn Ní Orin Àwo Funfun?

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Awò ti rí i. Àwo Funfun gan-an! Àárọ̀ ló pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ń kó ẹrù ọkùnrin kan tó kú jáde ní Todmorden, ó bá a nísàlẹ̀ páálí láàárín àwọn orin Kérésì. Ẹ̀dà kẹjọ nìyẹn tí a mọ̀ pé ó ṣì wà láyé.

Malcolm Tattersall lorúkọ Awò gan-an, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti fẹ̀yìn tì. Nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Awò, nítorí awò ńlá tó máa ń yọ lápò kó tó wo ojú àwo orin èyíkéyìí. Ogún ọdún rèé tí àwa méjèèjì ti jọ ń wá àwo orin sóòlù, orin ijó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, kiri. Ó ní, "Lorna, a máa mọ ẹni tó ṣe é kó tó di àjọ̀dún."

Àjọ̀dún náà rèé: 8 Oṣù Kọkànlá, àádọ́ta ọdún tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Meridian. Èmi ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo ijó. Awò ló máa sọ ìtàn Àwo Funfun.

Mo ní ó dáa. Àwo yẹn ló gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí n má baà máa tan ara mi jẹ.

1976. Duggie Marsden ló ń gbé orin sí fún wa jó ní Meridian — Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ là ń pè é, nítorí abẹ́rẹ́ giramafóònù. Ó máa ń lọ sí Amẹ́ríkà lọ tú inú àká àwọn tó ń ta àwo, á kó àwọn orin tẹ́nì kan ò rà níbẹ̀ wá fún wa, a ó sì jó o mọ́jú. Kí àwọn gbọ̀ngàn yòókù má baà mọ orin tó jẹ́, á lẹ bébà funfun bo ojú àwo, á fún akọrin lórúkọ irọ́. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Clive, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ogún ọdún, ló ń gbé àpótí rẹ̀. Òun ló ń lẹ bébà náà lórí tábìlì Mama, ìyẹ̀fun ló fi ń po lẹ̀ẹ́. Orúkọ àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ń fún wọn. Obìnrin tó ń dín ẹja níkòríta wa ni Dolores Finch! Gbogbo Àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rò pé ọmọ Detroit ní Amẹ́ríkà ni.

Ni Àwo Funfun bá jáde, ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Páálí funfun, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí àdírẹ́sì. Orin méjìlá, gbogbo ẹ̀ pátá, ti Ọ̀gá Abẹ́rẹ́. Láàárín oṣù kan, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń lò ó, ohun tí Meridian fi ń yangàn sì tán. Ta ló ń fọwọ́ kan àpótí? Clive. Ó ti parí. Ẹnì kankan ò bi í léèrè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó wọ Meridian. Irínwó ènìyàn ló wà lójú agbo. Gbogbo wọn yí ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń jó lọ. Mo wà láàárín wọn. Èmi náà yí ẹ̀yìn mi sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Mi ò sọ ọ́ láti fi gbèjà ara mi.

Kí oṣù tó parí ó ti lọ sí Fleetwood, ó ń ṣiṣẹ́ ẹja. Nígbà tá a sin Mama, ìjókòó ẹ̀yìn ló jókòó sí, kò dúró mu tíì. Tó bá jẹ́ òun ló ṣe é, mo fẹ́ mọ̀. Tí kì í bá ṣe òun, mo gbé.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Awò gbé e wá. Ó wọ ìbọ̀wọ́ bíi dókítà. Mo gbé páì kalẹ̀, ó tutù síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

A gbé e sí giramafóònù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, Awò gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ṣé o gbọ́ ariwo ṣì-ṣì yẹn kí orin tó wọlé? Inú iyàrá ni. Ẹnì kan gbé gbohùngbohùn síwájú giramafóònù. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fà á, Lorna, kì í ṣe inú àwo."

Mo ní, "Kí ni ìyẹn wá túmọ̀ sí?"

"Ẹni tó ní àpótí lọ́wọ́, kí ló fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì ṣe? Á kàn gbé àwo gan-an fún wọn ni." Ó fi awò wo ojú àwo. "Dolores Finch. Orúkọ irọ́ ló wà níbí, méjèèjìlá. Ẹni yìí ò rí abẹ́ bébà rí láyé ẹ̀. Clive sì ló lẹ bébà."

Ó fi ṣúgà sí tíì rẹ̀, ó rò ó. "Nígbà náà kì í ṣe Clive," ó wí, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kó máa pariwo, mo sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Òjò. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Awò ò sinmi. Ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n fi irin ha sétí ihò àárín àwo. Ó tẹ̀ lé e dé ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń tẹ àwo ní Rochdale, tó ti kógbá sílé tipẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Stanley Ogden, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Àbámẹ́ta la máa lọ. Ó ní kí n múra sí ayọ̀. Ayọ̀ kẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Bàbá Ogden fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ̀yin onísóòlù! Ẹ ṣì wà láyé? Mo rò pé ijó yẹn á ti pa gbogbo yín." Ó fẹ́ràn kó máa fini ṣe yẹ̀yẹ́. Etí rẹ̀ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbàgbé nǹkan kan.

Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé iṣẹ́ náà wá, mọ́tò pupa, ó ń súfèé. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló mú wá, pẹ̀lú bébà tí wọ́n to orúkọ orin sí. Awò bi í bóyá bébà náà ṣì wà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Gbogbo bébà ilé iṣẹ́ yẹn ló kó pamọ́ sínú agolo bísíkíìtì. "Ìyàwó mi ní tí mo bá kú òun á dáná sun gbogbo ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kú, kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́."

Agolo kẹta ni. Bébà ìwé iléèwé. Tàdáwà elése àlùkò. Orin méjìlá, tí ẹni tó kọ ọ́ fi òdo róbótó sórí gbogbo lẹ́tà i dípò àmì.

Awò pariwo, "Ọmọbìnrin ló kọ ọ́! Lorna, wò ó, ọmọ kékeré! Ta ló lè jẹ́?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Bàbá Ogden ń wò mí. "Ọmọ mi, jókòó. Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?" Mo ní ọkọ̀ ló ń kọ́ mi lóòyì. Awò ya fọ́tò bébà náà nígbà mẹ́fà.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Ìkọ̀wé mi ni.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́bọ̀ tí Awò pe "kásẹ́ẹ̀tì" ni mo ti mọ̀. Mi ò kọ ọ́ síbí. Ìwé tí ẹnì kankan ò ní kà, mo tún ń purọ́ fún un!

Clive gba orin méjìlá sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ìbí mi, nínú pálọ̀ wa. Orúkọ irọ́ yẹn náà ló sọ fún èmi àbúrò ẹ̀, nítorí ó ti ṣèlérí fún Ọ̀gá Abẹ́rẹ́. Ó ní kí n búra pé kò ní kúrò nílé. Mo búra.

Roy Pickup, ará Bradford. Òun ló ní mọ́tò pupa. Tó bá ń pòyì lórí pọ́dà tá a máa ń dà sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè yọ̀ fún ijó, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbé mi délé, ó ń pè mí ní ayaba. Ó ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn lópin ọ̀sẹ̀ yìí péré." Mo fún un. Kò mọ orin kan yàtọ̀ sí èkejì, mo bá tún jókòó, mo to orúkọ wọn fún un. Pẹ̀lú òdo róbótó. Òmùgọ̀ ọmọ.

Mi ò rí Roy mọ́. Clive bi mí nígbà kan pé kásẹ́ẹ̀tì mi dà. Mo ní ó wà nínú dúróọ̀. Nígbà tí Àwo Funfun jáde, tí gbogbo ẹnu ń sọ pé Clive ni, mo gbà á gbọ́ kíákíá, nítorí ó rọrùn fún mi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Roy ti kú ní Sípéènì. Kò sẹ́ni mìíràn tó mọ ohun tá a ṣe.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

Awò fẹ́ gbé fọ́tò bébà náà sínú ìwé ìròyìn àwa tá à ń kó àwo jọ. Kò ní sẹ́ni tó máa dá a mọ̀. Mo lè dákẹ́. Mo ti ra bàtà àjọ̀dún, abẹ́ ẹ̀ ń yọ̀ dáadáa. Ojú ń tì mí pé mo wọ̀ ọ́ wò lónìí, mo tiẹ̀ pòyì lẹ́ẹ̀kan nínú kíṣìnnì.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Fleetwood. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, etí òkun. Ẹ̀dọ̀fóró Clive ti bàjẹ́, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nímú ẹ̀, ẹ̀rọ kan ń fún un láfẹ́fẹ́.

Ó ní, "Lorna wa. O ti sanra o."

Mo ní, "Ìwọ náà ti gbẹ." A fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ láìgbé orí sókè. Kásẹ́ẹ̀tì, Roy, bébà. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mo mọ̀."

Láti ìgbà wo?

"Láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mama wúkọ́ nínú orin kẹrin. Ṣé o ò gbọ́ ọ rí?"

Mo ti gbọ́ orin yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Mo ti jó o. Mi ò gbọ́ ìyá mi nínú ẹ̀ rí.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní mo kéré, ijó yẹn nìkan ni mo ní, wọn ì bá ṣe mí bí wọ́n ṣe ṣe òun. Ó sinmi kó lè mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn: "Ọ̀ràn kásẹ́ẹ̀tì ò dùn mí, Lorna wa. Ọmọdé lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nínú irínwó ènìyàn, ìwọ nìkan ni mò ń wò. Mo rò pé ìwọ ò ní yí ẹ̀yìn sí mi."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn, orókún mi ń ró gbàkò. Ó ní kí n dìde, àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀.

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. "Kọ ọ́ síta. Kọ orúkọ rẹ, kọ orúkọ mi. Kí wọ́n rí i kí n tó kú."

Mo ní ṣé kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó kọjú sí ojú fèrèsé.

"Kọ ọ́ ná."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Mo kọ ọ́. Ojú ìwé méjì. Clive Haslam kò jalè. Èmi Lorna Haslam ni.

Mo kọ́kọ́ kà á fún Awò. Lẹ́yìn náà ló wá ń bẹ̀ mí: "Jẹ́ kí àjọ̀dún kọjá ná. O máa ba orúkọ ara rẹ jẹ́. Ó ti tó àádọ́ta ọdún, Lorna, ta ló tún ń bínú?"

Mo ní Clive ni.

Mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Mo gbé bàtà tuntun padà sínú páálí ẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ kí wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Ìwé ìròyìn jáde láàárọ̀. Fóònù ò dákẹ́.

Ẹnì kan ò bínú. Ọlọ́run mi, ẹnì kan ò bínú! Wọ́n ń kí mi. Wọ́n ní àwárí ńlá ni, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó ti ń dà wọ́n láàmú láti 1976 ti yanjú. Ṣé kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà? Ṣé ìyàwó Roy Pickup ṣì wà láyé, ṣé kì í ṣe pé kásẹ́ẹ̀tì wà lókè àjà ilé rẹ̀ ní Sípéènì? Irú kásẹ́ẹ̀tì wo ni? Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n má tiẹ̀ rò ó wò pé mi ò ní wá, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo. Awò ti ń wá ọkọ̀ òfúrufú tó ń lọ sí Sípéènì.

Ẹni mọ́kànlá ló pè. Geoff Lumb ló kẹ́yìn. Ó wà ní Meridian lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, apá ọ̀tún mi ló wà, a jọ yí ẹ̀yìn sí Clive ni. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, "Geoff, o ò tíì bi mí bí Clive ṣe wà."

Ó ní, "Clive wo?"